Yàrá Tí Ẹ̀rín-Díẹ̀ Kò Kọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín rárá, ẹ lọ wo Ẹ̀rín-Díẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán ni. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń dúró sí tí á máa bẹ àwọn ènìyàn pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," títí ọ̀rọ̀ náà fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Ojú òun fúnra rẹ̀ á wá le koko bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ máa ń sọ pé kì í ṣe kámẹ́rà ló ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín, ojú Ẹ̀rín-Díẹ̀ gan-an ni.

Yàrá iwájú ilé ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó ń gbé ní òpópónà yẹn tí kò tíì jókòó rí sórí àpótí kékeré tó wà níwájú aṣọ búlúù tó ta mọ́ ògiri. Ẹ̀rín-Díẹ̀ mọ ẹni tí etí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, ó sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ yí orí sápá ọ̀tún kí imú má baà gba gbogbo ojú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í sọ fún wọn. Á kàn fi ìka méjì di àgbọ̀n wọn mú, á yí i díẹ̀, á sì padà sẹ́yìn kámẹ́rà. Ní ti ká ya ènìyàn kó rẹwà ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ ni inú kọ̀ǹpútà. Gbogbo àwòrán tó yà láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé ọwọ́ rẹ̀, àti àwọn ti àtijọ́ tó fi ẹ̀rọ dà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan lásìkò tí iṣẹ́ dá, inú fódà kan ṣoṣo ló rọ́ gbogbo wọn sí. Orúkọ fódà náà ni "kosibe". Ẹ kà á dáadáa: kó o síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti jáde látinú kámẹ́rà, á kó o síbẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣí fódà yìí láàárọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á lọ gbálẹ̀, á nu gíláàsì ẹnu ọ̀nà, á bá onígbàjámọ̀ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, bó bá sì padà dé, kọ̀ǹpútà á ṣì máa mí gúlegúle.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún àwòrán lórúkọ, kò sì gbà kí ẹlòmíì bá a fọwọ́ kàn án. "Iya telo." "Baba kafinta ojo ibi." "Omo to n sunkun." Àmì ohùn kò sí lórí ọ̀kankan. Ó ní kí òun tó wá ibi tí àmì fara pamọ́ sí lórí kíbọ́ọ̀dù, oníbàárà á ti bínú lọ, àti pé ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí òun ní lọ́kàn. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀gá nọ́ọ̀sì pàápàá, ẹni tí àwọn dókítà ń fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ kó má baà wò wọ́n bákan. Lọ́sẹ̀ tí à ń sọ yìí, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ọsibítù ní kó mú àwòrán ara rẹ̀ méjì wá, ọ̀kan ti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kan ti ìsinsìnyí, kí wọ́n lè gbé méjèèjì kọ́ ògiri lọ́jọ́ ìdágbére. Ti ìsinsìnyí kò le, ó ṣáà ní ojú lọ́rùn. Ti àtijọ́ ni ìjọ̀gbọ̀n.

"Bàbá Sísí," ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọkọ rẹ̀ ti ń ki búrẹ́dì bọ tíì, "mò ń wá àwòrán mi kan, ti ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì."

"Ṣé ìyẹn náà ló ń dà ọ́ láàmú? Àwòrán rẹ! Wọ́n pọ̀ lọ súà."

"Ẹ fi ọ̀kan hàn mí."

"Wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú kọ̀ǹpútà yẹn kọjá. Mo ti rí ojú ìyá télọ̀ níbẹ̀. Mo ti rí ojú ajá káfíńtà. Tèmi ni n kò rí rí." Ó yọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e lé orí tábìlì. "Èyí nìkan ni mo ní. Ẹ wò mí níbẹ̀. Mo jọ ẹni tí ọlọ́pàá ń wá."

Ẹ̀rín-Díẹ̀ wò ó. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọkọ wo ló jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?

"Ìyàwó awakọ̀ tí a jọ ń fẹ̀yìn tì á gbé àwòrán tó dára lọ, ìyàwó tíṣà náà á gbé tirẹ̀," nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Èmi tí mo fẹ́ ayàwòrán, ojú olè ni n ó gbé lọ. Ṣé ẹ tiẹ̀ wò mí rí ni?"

Búrẹ́dì já bọ́ sínú tíì. Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹ̀rín-Díẹ̀ dé eegun. Òun tó wo ojú gbogbo ayé, tó mọ ìhà tí imú oníkálukú kọ sí, wọ́n ń bi í bóyá ó wo ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ó sì mọ̀ bí ẹní mowó pé òun ti ya obìnrin yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

"Kí ọjọ́ ìdágbére yẹn tó pé," ó ní, "wàá rí i. Bí o kò bá rí i, má pè mí ní ayàwòrán mọ́."

Nọ́ọ̀sì kò kúkú dúró de ọjọ́ kankan. Ó tẹ̀ lé e wọ ṣọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀, ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀rín-Díẹ̀ tẹ "iyawo" sínú ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Háà! Àwọn ìyàwó tú jáde bí ẹni tú ilé oyin. Ìyàwó birikilà. Ìyàwó mẹkáníìkì. Ìyàwó mẹkáníìkì kejì. Ìyàwó tó sá lọ.

"Ta ló sá lọ?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ṣé òun la wá wá ni?" Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ó wá di "iyawo mi". Ó gbójú sókè bí ẹni tó ti borí. Kọ̀ǹpútà ronú, ó ronú, ó sì mú ẹnì kan ṣoṣo jáde: obìnrin sísanra kan, wúrà lọ́rùn, wúrà létí, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti etí kan dé èkejì.

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un gbé wọ̀. "Ìyàwó yín rèé?"

"Rárá o! 'Iyawo minisita' ni mo kọ. 'Mi' tó wà nínú mínísítà ni ẹ̀rọ òpònú yìí rí! Ọkọ̀ wọn ló bà jẹ́ níwájú ibí lọ́jọ́ kan, ni mo bá ní..."

"Ẹ ṣáà rí òun yà," nọ́ọ̀sì ní. Ó gbé báàgì kọ́ apá, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin, Sísí, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú tó jìnnà. Òun náà ló ra ẹ̀rọ yìí fún bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń lọ yúnifọ́ọ̀mù, fóònù wà lórí tábìlì, ohùn ọmọ náà ń ké jáde síta.

"Dádì, ẹ yé wá a lójú lásán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín tò wọ́n. Lúùpù lẹ máa lò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń ya àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n á tò síta. Ẹ ó pe ẹnì kan, á jókòó, ẹ ó yà á, á dìde. Ẹ ó pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Ohun kan náà lẹ ń ṣe fún gbogbo wọn títí ìlà á fi tán. Lúùpù náà nìyẹn. Ẹ̀rọ á mú fáìlì kan, á wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀. Bí kò bá tíì sí fódà tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, á kọ́ ọ. Á gbé fáìlì náà wọlé, á tún lọ mú òmíràn."

Inú Ẹ̀rín-Díẹ̀ dùn. Ọmọọṣẹ́ tí kì í rẹ̀, tí kì í béèrè ìsinmi, tí kì í sì fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan àwòrán! Ó ní kí Sísí fi àṣẹ náà ránṣẹ́ kíá.

"Ìlà díẹ̀ ni. Ojú dúdú tí mo fi hàn yín nígbà kan, tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, Dádì, ẹ jọ̀ọ́, dísìkì tí mo rà fún yín, ẹ da gbogbo àwòrán kọ sínú rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ yìí kì í bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì o. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe."

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni!"

Nọ́ọ̀sì kò gbójú sókè. Ó ṣáà ń lọ aṣọ rẹ̀.

Dísìkì wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá tó bá a wá láti ọjà. Ẹ̀rín-Díẹ̀ kò tiẹ̀ ṣí dúrọ́ọ̀ náà. Ẹni tó ń kánjú fi ara rẹ̀ hàn pé òun kì í ṣe aláìbìkítà, ìgbà wo ló fẹ́ rí àyè da nǹkan kọ? Lọ́jọ́ kejì, bó ti wẹ̀ tán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi ìka méjì tẹ àṣẹ Sísí sójú dúdú, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Onígbàjámọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó wá wòran, abẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín-Díẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Kó tó wúkọ́, ó ti parí.

"Ó ti tán?" onígbàjámọ̀ bi í.

"Lúùpù ni," Ẹ̀rín-Díẹ̀ ní, bí ẹni pé òun ló bí lúùpù.

Wọ́n ṣí i wò. Lóòótọ́ ni ẹ̀rọ tò ó, àmọ́ irú ètò wo lèyí? Lédè wa, ta ló jẹ́ pe àgbàlagbà lórúkọ lásán? Ìyá lágbájá ni, bàbá làkásègbè ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kó gbogbo abiyamọ òpópónà sínú fódà kan tó ń jẹ́ "iya", ó kó àwọn bàbá sínú "baba", ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Láàárín àwọn ìyá, wọ́n bá àwòrán ọjọ́ tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù, tí àga ń léfòó. "Iya nla" ni Ẹ̀rín-Díẹ̀ pè é nígbà náà, nítorí ìyà ńlá ló jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ ní ìyá ńlá ni, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá àgbà.

Onígbàjámọ̀ ló ṣí fódà "oko". Ọkọ télọ̀ ló kọ́kọ́ yọ, nínú kóòtù, ó gún régé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà, tó dúró lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oko tíṣà, àgbàdo rẹpẹtẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," onígbàjámọ̀ ní, ó ti ń di ògiri mú, "ọkọ ta nìyí tí kò ní táyà?"

"Máa fá irùngbọ̀n rẹ lọ!"

Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn fódà kéékèèké kan wà níbẹ̀, àwòrán díẹ̀díẹ̀ ló wà nínú wọn. Ẹ̀rín-Díẹ̀ rí wọn fìrí. Ó ní àjẹkù ni ìyẹn, kò sì ṣí wọn wò.

Ẹlòmíì ì bá pe Sísí padà. Àmọ́ ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lára, òun tó ti di baba lúùpù láàárọ̀ kan. Ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Òun á tún kó gbogbo àwòrán jọ sínú fódà ńlá kan tí òun á pè ní "gbogbo", lẹ́yìn náà òun á fi ọ̀rọ̀ kejì tún wọn pín, kí ìyá télọ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kí bàbá káfíńtà lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Ó da àṣẹ Sísí kọ, ó ń tún un ṣe níbí, ó ń tún un ṣe lọ́hùn-ún. Ó wá kan ìlà tó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ́ fódà.

"Èyí ńkọ́?" ó bi ara rẹ̀. "Ṣé gbogbo ìgbà la ó máa kọ́lé ni? Ẹni tí mo bá ti ní kó kó ẹrù lọ sí 'gbogbo', ó yẹ kó mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́ 'gbogbo'. Ọmọ yìí fẹ́ràn àsọtúnsọ, bí ìyá rẹ̀."

Ó pa ìlà náà rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kíá, ó tán.

Ó ṣí "iya". Ó ṣófo. Ó ní ó dáa, wọ́n ti kó lọ. Ó ṣí "baba", ó ṣófo. "Oko" ṣófo, tọkọ tọkọ̀ toko. Ó wá lọ wá "gbogbo" láti kí wọn káàbọ̀. Kò rí fódà kankan. Ẹyọ fáìlì kan ṣoṣo ló dá jókòó síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni "gbogbo".

Ó ti kọ̀ǹpútà pa, ó tún un tàn. Fáìlì kan ṣoṣo. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbá rédíò àtijọ́. Fáìlì kan ṣoṣo. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Sísí," ó ń sọ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé, "bí wọ́n bá gbé nǹkan lọ sí fódà tí kò sí, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Dádì. Kí lẹ ṣe?"

"Mò ń béèrè lásán ni."

"Bí yàrá kò bá sí, ẹ̀rọ á rò pé orúkọ tuntun lẹ fẹ́ fún fáìlì náà. Ẹni àkọ́kọ́ á di 'gbogbo'. Ẹnì kejì náà á di 'gbogbo', á sì jókòó lé ẹni àkọ́kọ́ lórí, nítorí ẹni méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà lójú kan náà. Ti àkọ́kọ́ parẹ́ nìyẹn. Ẹnì kẹta á pa ẹnì kejì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ títí. Ẹni ìkẹyìn nìkan ló máa kù." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ti dà á kọ sínú dísìkì, àbí?"

Ẹ̀rín-Díẹ̀ wo dúrọ́ọ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó kúrò lórí àga rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, níwájú aṣọ búlúù. Ó ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: bàbá káfíńtà tó ti di olóògbé, tó jẹ́ pé àwòrán yìí làwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá gbà lọ́dọọdún, ọmọ tó ń sunkún, tó ti di bàbá ọmọ báyìí. Ìlà kan ló pa rẹ́, ó sì pa gbogbo àdúgbò rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwòrán ìyàwó rẹ̀ náà sì wà nínú wọn, níbi yòówù kó wà. Kò ní nǹkan kan láti fi hàn án mọ́ láé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ojú ló tì í.

Onígbàjámọ̀ yọjú, ó rí i níbi tó jókòó sí. Ó fẹ́ tù ú nínú ni, kò sì mọ ohun tó yẹ kó sọ. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ìwò tí Ẹ̀rín-Díẹ̀ wò ó, onígbàjámọ̀ kò dúró gbé abẹ tó gbàgbé sórí tábìlì.

Orí àpótí yẹn náà ni nọ́ọ̀sì bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ọkùnrin náà kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ ti lúùpù, ó sọ ti ìlà tó pa rẹ́, ó sọ ti dísìkì tó wà nínú ọ̀rá. "Mo ti pa gbogbo ayé rẹ́," ó ní. "Tìrẹ náà lọ sí i. Má pè mí ní ayàwòrán mọ́."

"Ṣé kò ku nǹkan kan ni?"

"Ó ku ẹyọ kan. N kò tíì ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí, ó lè jẹ́ ajá káfíńtà."

"Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Ọmọbìnrin kan dúró lórí àtẹ̀gùn, lẹ́nu ọ̀nà ilé oníyàrá kan, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tó ṣì le gbagidi. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì ń na ìka sí ẹni tó di kámẹ́rà mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Oòrùn àárọ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà débi pé ọkùnrin tó yà á kò rántí ní kó dúró dáadáa.

Nọ́ọ̀sì rọra fa àga, ó jókòó.

"Mò ń bá yín jà níbẹ̀."

"O ní mo fẹ́ kí o pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ sì mú kí n pẹ́ lóòótọ́." Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú gíláàsì, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà. "Kí lorúkọ tí ẹ fún àwòrán yìí?"

Ẹ̀rín-Díẹ̀ wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sábẹ́ rẹ̀. "Gbogbo," ó ní.

Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń pọ́n òun lé ni. Ó tẹ orí wálẹ̀ kà á fúnra rẹ̀, ó rí i pé gbogbo ni lóòótọ́. Ó yára dìde, bí ẹni tó rántí aláìsàn kan, ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ dísìkì nínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ki dísìkì yìí bọ kọ̀ǹpútà."

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Bàbá Sísí, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Lóru àná, nígbà tí ẹ ti sùn, mo pe Sísí, mo ní kó má sọ fún yín, ó kọ́ mi, mo da gbogbo rẹ̀ kọ, mo sì dá a padà sínú ọ̀rá. Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í gé nǹkan kí á tó mọ bí a ó ṣe rán an."

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ìyá télọ̀, bàbá káfíńtà, ọkọ̀ tí kò ní táyà, ìyàwó tó sá lọ. Ẹ̀rín-Díẹ̀ dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dì mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sáré jáde lọ dì mọ́ onígbàjámọ̀ tó rò pé ó wá bá òun jà. Nígbà tó padà wọlé, ohùn Sísí ti wà lórí fóònù, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín kò lè dúró.

"Mọ́mì, lúùpù ń tẹ̀ lé a-bí-dí ni. Èyí tó gbẹ̀yìn ló kù. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi lẹ́tà Y. Lẹ́yìn Y, àwa kò ní lẹ́tà mìíràn."

Nọ́ọ̀sì wá a lọ sísàlẹ̀. Ọmọbìnrin orí àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun àti mélòó kan tó jọ ọ́. Ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ kó lè ka orúkọ náà. "Yemi..." Ó yí padà wẹ́rẹ́. Ohùn tó fi ń béèrè abẹ́rẹ́ ló jáde. "Ta ni Yẹmí?"

"Èwo ni Yẹmí? N kò mọ Yẹmí kankan!"

"Ó wà níbí. 'Yemi bi ewu.' Ewu wo?"

Ẹ̀rín-Díẹ̀ la ẹnu. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gba àyà kọjá, ó dé ọ̀fun, ó bú jáde. Ẹ̀rín ni. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sáré wá, ó rò pé nǹkan ti ṣe é ni.

"Yẹ-mí-bí-ẹ̀wù!" ó ń pariwo, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ohun tí mò ń pè ọ́ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra! O yẹ mí bí ẹ̀wù tí wọ́n wọn ara mi rán! Mò ń wá ìyàwó, mò ń wá ìyá, mi ò wá orúkọ rẹ!" Ó ti pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti pè é mọ, orúkọ tí ẹnu kò bá sì pè mọ́, ọkàn kì í tètè rántí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà rántí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tètè borí. "Ẹ kò ṣáà kọ ẹ̀wù síbẹ̀. Ewu lẹ kọ."

"Kò sí àmì lórí ẹ̀ ni."

Ó ṣí fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀, irun funfun báláú sì yọ. "Bóyá èyí lẹ rí tẹ́lẹ̀. Ewú."

"Ẹ̀wù ni mo kọ," Ẹ̀rín-Díẹ̀ ní, ó ń nu ojú. "Ewu ni mo gbé níyàwó. Ewú la sì jọ hù."

Ó fẹ́ fi àmì sí orúkọ náà lójú ẹsẹ̀, ó ti ń wá wọn kiri lórí kíbọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì gbá a lọ́wọ́. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mí."

Ó wá jókòó sórí àpótí, níwájú aṣọ búlúù, kó lè ya ti ìsinsìnyí. Ẹ̀rín-Díẹ̀ wọ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kò fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, kò yí orí rẹ̀. Kò tiẹ̀ sọ ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, torí obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó débẹ̀.

Nígbà tó tẹ àwòrán méjèèjì jáde tán, ó padà sí ojú dúdú. Ó ní òun fẹ́ kó àwòrán ìyàwó òun kúrò nínú èrò, kó ní ilé tirẹ̀, fódà tí ẹlòmíì kankan kò ní bá a gbé. Orúkọ tó yàn fún un ni "gbogbo". Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, báàgì lápá, àwòrán nínú báàgì, ó ń wo ìka méjì náà bí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà.

"Bàbá Sísí, ṣé ẹ ti kọ́ yàrá náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́.